Ojú Àlejò, Ojú Onílé: Àyẹ̀wò Numbeo àti Àwọn Mìíràn Tó Ń Wọn Bí Ayé Ṣe Dẹrùn Tó Láti Ìlú sí Ìlú

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn gba lẹ́tà iṣẹ́ láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹjà. Owó oṣù tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà kù díẹ̀ kí ó tó ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà níbí. Inú ìyá rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn, àfi òun fúnra rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá san owó ilé àti owó ọkọ̀ tán l’Ékòó, ṣé ohun tó máa kù sí mi lọ́wọ́ á ju ti Ìbàdàn yìí lọ lóòótọ́?” Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì náà yẹ àwọn ìkànnì àti ìwé tó ń wọn ìgbáyé-gbádùn láti ìlú kan sí òmíràn wò fínnífínní. Mo fẹ́ sọ èyí tó wúlò nínú wọn fún ẹni tó ń fi náírà gbọ́ bùkátà, èyí tí kò wúlò fún un, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Numbeo ni mo kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé òun ni ó máa ń yọjú kíákíá bí èèyàn bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì iye tí wọ́n fi ń gbé ìlú kan. Mladen Adamović, ọmọ ilẹ̀ Serbia kan tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún Google rí, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ìlànà rẹ̀ kò nira láti yéni. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìlú kan lè wọlé, kí ó kọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, ẹyin, ilé àti ọkọ̀ níbẹ̀ sílẹ̀. Ìkànnì náà á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á yọ èyí tí kò bá tẹ́lẹ̀ rárá kúrò, á sì fi ìlú New York ṣe òdiwọ̀n, èyí tó fún ní 100. Bí ìlú kan bá gba 30, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà tí wọ́n ń fi dọ́là 100 rà ní New York, nǹkan bí dọ́là 30 ni wọn yóò fi rà á ní ìlú yẹn. Ibi ìfiwéra kan tún wà níbẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè kọ orúkọ ìlú méjì sí, tí yóò sì sọ iye tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún un ní ìlú kejì kí ayé rẹ̀ má bàa yàtọ̀ sí ti ìlú àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè pé kí èèyàn kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó lè kà á.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀ ni pé kò fi ìṣirò tó fi ń fún ìlú ní máàkì ìgbáyé-gbádùn pamọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè fi bíró àti ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 100. Ó mú agbára tí owó oṣù ní láti ra nǹkan, ó pín in sí 2.5, ó rò ó mọ́ ọn. Ó pín ìwọ̀n ààbò sí méjì, ìtọ́jú ìlera sí 2.5, ojú ọjọ́ sí mẹ́ta, ó rò gbogbo wọn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó ń yọ: ó yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ìdọ̀tí àyíká, ó yọ ìdajì máàkì fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ará ìlú ń lò lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n iye ọjà, ó sì yọ iye ọdún tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi kó gbogbo owó tó ń wọlé fún un jọ kí ó tó lè ra ilé. Nítorí náà, ìlú tí èèyàn ti ń lo wákàtí kan kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ti pàdánù máàkì 30 lórí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ nìkan. Ìlú tí ìdọ̀tí rẹ̀ jẹ́ 90 ti pàdánù 60. Bí èèyàn bá mọ èyí, yóò mọ ibi tí ipò ìlú òun ti ń wá, kò ní máa bá nọ́ḿbà jà lásán.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ìṣirò náà wà ní gbangba, àléébù rẹ̀ náà wà ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náírà wò. Kí ó tó di oṣù Òkúdu ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní ọjà ìjọba. Nínú ọdún 2024, ó kọjá ₦1,500. Lójú ẹni tó ń fi New York wọn wá, Èkó ti di ìlú tí ọjà ti pọ̀ yanturu, nítorí pé dọ́là kékeré ló ń ra nǹkan púpọ̀. Bí ìwọ̀n iye ọjà ìlú kan bá já láti 40 sí 25 lọ́nà yìí, máàkì 1.5 ni ìṣirò náà yóò fi kún ìgbáyé-gbádùn ìlú ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ra ìrẹsì l’Ékòó lọ́dún yẹn kò ní gbà pé nǹkan kan dẹrùn. Àjọ NBS, tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024. Numbeo kò parọ́. Ojú ẹni tó ní dọ́là lọ́wọ́ ló fi ń wò ó.

Irú ọ̀wọ́ngógó bẹ́ẹ̀ tún ba nǹkan mìíràn jẹ́. Iye ọjà tí àwọn ènìyàn kọ sílẹ̀ láàárín oṣù 12 ni ìkànnì náà sábà máa ń pa pọ̀. Ní ìlú tí búrẹ́dì kì í fi ọ̀pọ̀ ọdún yí iye padà, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Níbi tí iye gàrí ti ń yí láàárín ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀, àròpọ̀ iye ọdún tó kọjá àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san rí. Mo yin wọ́n fún ohun kan o: ojú-ewé ìlú kọ̀ọ̀kan ní í máa ń sọ iye ènìyàn tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ohunkóhun. Ìlú tí ogójì ènìyàn kọ̀wé nípa rẹ̀ àti ìlú tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Àpẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n fi ń wọn ìlú ló dá mi dúró jù. Wọ́n béèrè iye lẹ́tọ́ọ̀sì, ápù, wàràkàṣì, ìgò wáìnì, páálí sìgá Marlboro, ife cappuccino, ọkọ̀ Volkswagen Golf tuntun, àti oúnjẹ ní McDonald’s tàbí irú rẹ̀. McDonald’s kò sí ní Nàìjíríà. Ìrẹsì, ẹyin, adìẹ, tòmátò, àlùbọ́sà, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gàrí kò sí, èlùbọ́ kò sí, iṣu kò sí, ẹ̀wà kò sí, epo pupa kò sí. Ilé tí owó rẹ̀ ń lọ sórí àwọn nǹkan tí a kò kọ sílẹ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìṣirò náà.

Mo fẹ́ fi iye ti Ìbàdàn sílẹ̀ fún wọn bó ti wù kó rí, nítorí náà mo gbé òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé lọ sí ọjà Bódìjà ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Kílò ni wọ́n ń béèrè, kóńgò sì ni a fi ń tà. Mo ra ìrẹsì kóńgò kan lọ́wọ́ ìyá kan tó wà ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, mo da á sínú ọ̀rá, mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Ìyá náà tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Ìyàwó mi, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé kóńgò mi ò pé ni?” Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ó pé, Mà. Wọ́n fẹ́ mọ iye tí a ń ra kílò kan ní Ìbàdàn ni.” Ó ní kí n gbé ọ̀rá náà wá, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó ní, “Ẹ wá wọ̀n ọ́n báyìí.” Kílò kan àbọ̀ ni, ó fi díẹ̀ lé. Ní ìsọ̀ kejì, tí ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú, kò pé 1.4, iye kan náà ni wọ́n sì ń tà á. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀? Iye ìrẹsì ní Bódìjà kò dúró lórí ọjà nìkan. Ó dúró lórí ìdí kóńgò, lórí ẹ̀kúnwọ́ tí ìyá fi ṣe ènì, àti lórí bóyá oníbàárà náà jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Mo fi àròpín méjèèjì sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá kà á ní ibòmíràn yóò rò pé ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ilé tún lé kenkà. Owó ilé oṣooṣù ni Numbeo ń béèrè, fún yàrá kan tàbí mẹ́ta, ní àárín ìlú tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀. L’Ékòó àti ní Ìbàdàn, ọdọọdún ni a ń san owó ilé, a ó sì tún fi àgírímẹ́ǹtì, kọ̀míṣọ̀n éjẹ̀ńtì àti owó ìbàjẹ́ lé e. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí lánlọ́ọ̀dù gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá ilé rí mọ ohun tí wọ́n ń bá pàdé. Bí èèyàn bá pín owó ọdún sí méjìlá, yóò rí nọ́ḿbà kan tó dà bíi pé owó oṣù nọ́ọ̀sì lè gbé. Kò ní rí i pé kí ó tó sùn ilẹ̀ ilé náà ní alẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo owó méjìlá náà, àti àfikún wọn, gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Àárín ìlú” pàápàá kò yé mi. Èwo ni àárín Èkó, ṣé Ìsàlẹ̀ Èkó ni tàbí Ìkẹjà? Ní Ìbàdàn, Bẹẹrẹ àti Òjé ni àárín ìlú, wọ́n ti wà kí Bódìjà tó dé, ṣùgbọ́n Bódìjà ni owó ilé rẹ̀ ga.

Iná mànàmáná wá jẹ́ ìpín tí ó fi hàn mí pé ìlú kì í tilẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí á máa wọ̀n. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn oníbàárà Báǹdì A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún ẹyọ kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná yóò wà fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Báǹdì B, wákàtí 16, C, 12, D, 8, E, mẹ́rin. Ìlà iná tó gba àdúgbò kọjá ló ń pinnu báǹdì, nítorí náà òpópónà kan lè wà lórí A kí èyí tó kọjú sí i wà lórí D, nínú ìlú kan náà, lábẹ́ lánlọ́ọ̀dù kan náà pàápàá. Ẹni àkọ́kọ́ ń san owó iná tó ń dun àpò. Ẹni kejì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ń simi èéfín rẹ̀, ẹran rẹ̀ sì ń rà nínú fíríìjì. Numbeo béèrè iye owó iná, omi àti kíkó ìdọ̀tí fún ilé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin dọ́gba 85. Kò sí ibi tí èèyàn lè kọ epo jẹnẹrétọ̀ sí, kò sí ibi fún bátìrì ínfátà, kò sí ibi fún tánkà omi tàbí owó olùṣọ́ òru àdúgbò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àfikún lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wà nínú owó ilé bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀.

Ìwé kejì tí mo yẹ̀ wò ni èyí tí àwọn oníròyìn wa máa ń gbé jáde lọ́dọọdún pé Èkó tún ti wà nísàlẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Economist Intelligence Unit ní London, tí wọ́n ń pè ní EIU, máa ń ṣe. Ní ọdún 2018, ipò 138 ni Èkó wà nínú ìlú 140. Ní 2022, ó wà ní 171 nínú 172. Ní 2023 àti 2024, ó wà ní 170 nínú 173. Vienna ló gba ipò kìíní ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, kí Copenhagen tó gbà á ní 2025, Damascus sì ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní gbogbo ìgbà tí mo dárúkọ yìí. Ohun tó lé ní ọgbọ̀n ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún: ìfọ̀kànbalẹ̀ ìlú gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, àṣà àti àyíká gba 25, ìtọ́jú ìlera gba 20, ọ̀nà, omi àti iná gba 20, ẹ̀kọ́ gba 10.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń ka ohun tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́sẹẹsẹ. Lábẹ́ àṣà àti àyíká, ọ̀kan nínú wọn ni bí ojú ọjọ́ ìlú náà ṣe ń ni arìnrìn-àjò lára. Arìnrìn-àjò! Ẹni tí wọ́n bí sí Mushin, tí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ti pa lára láti kékeré, kò sí nínú ìbéèrè yìí. Lábẹ́ ẹ̀kọ́ àti ìlera, bí ilé-ìwé aládàáni àti ilé ìwòsàn aládàáni ṣe dára tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò sí, nítorí pé iye ọjà kò sí nínú ìwọ̀n yìí rárá. Ìwé mìíràn ni EIU ń tà fún ìyẹn. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Ìlò kan pàtàkì tí wọ́n ń lo ìwọ̀n náà fún ni láti sọ fún ilé-iṣẹ́ iye tó yẹ kí wọ́n fi kún owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rán lọ sí ìlú kan. Bí máàkì ìlú bá ti kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò fi nǹkan kan kún un. Láàárín 70 sí 80, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 60 sí 70, mẹ́wàá. Láàárín 50 sí 60, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlú tí kò bá kọjá 50, ogún. Nọ́ḿbà tí a máa ń fi bú ara wa lórí rédíò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé jẹ́ owó ìnira àlejò.

N kò sọ pé irọ́ ni. Ọ̀nà, omi, iná àti ààbò tí wọ́n wọ̀n jẹ́ ohun tí ará Èkó ń kérora lé lórí lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ ìlú bo ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá láti òkè òkun, Ìbàdàn kò sì sí nínú ìwọ̀n wọn rárá, nítorí náà kò lè fi Ìkẹjà wé ilé. Wọ́n tún ka Èkó sí ẹyọ kan. Láti orí Afárá Third Mainland, èèyàn ń wo àwọn ilé pákó Mákòkó lórí omi. Ọkọ̀ kan náà yóò sì gbé e dé Ìkòyí kí epo tó lọ sílẹ̀. Ìka kò dọ́gba, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún gbogbo ọwọ́.

Ìwé tó wú mi lórí jù lọ ni ìwé ìwọ̀n òṣì ní Nàìjíríà, èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. NBS gbé e jáde ní oṣù Belú ọdún 2022, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn àjọ Àgbáyé àti ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Oxford. Wọn kò fi dọ́là wọn òṣì. Láàárín oṣù Belú 2021 sí oṣù Èrèlé 2022, wọ́n lọ bá agboolé tó lé ní 56,000 ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, wọ́n sì béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ní àti ohun tí wọn kò ní lábẹ́ ọ̀nà mẹ́rin: ìlera, ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń gbé, àti iṣẹ́ pẹ̀lú ìjàm̀bá tó bá wọn. Ẹni tí àìní rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ni wọ́n kà sí olòṣì. Wọ́n rí i pé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn 133 mílíọ̀nù ènìyàn, ló wà nínú rẹ̀. Ní Oǹdó, ìdá 27 ni, òun ló kéré jù lọ. Ní Sókótó, 91. Ilẹ̀ kan, àsíá kan, owó kan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ti sọ ohun púpọ̀ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwé yìí ni pé ó béèrè nípa igi ìdáná, nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nípa bóyá oúnjẹ tán nílé, nípa bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó. Ìbéèrè onílé ni gbogbo wọn. Ó tún sọ̀kalẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ẹkùn sẹ́nétọ̀ 109, èyí tí n kò rí nínú èyíkéyìí lára àwọn tó kù. Àìpé rẹ̀ ni pé wọ́n kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ kí owó ìrànwọ́ epo tó kúrò ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, ọjà ọdún náà sì ti yàtọ̀ pátápátá sí ti ìsinsìnyí. Ẹni tó ń wá ilé kò sì lè rí àdúgbò nínú rẹ̀.

Bí àdúgbò bá ni ẹ ń wá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé Peckham ní London láàárín àwọn Yorùbá bíi tirẹ̀, ló fi hàn mí. Ìwọ̀n àìní tí ìjọba wọn ṣe ní 2019 pín England sí àdúgbò kéékèèké 32,844, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ènìyàn 1,500. Wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tí ìyà rẹ̀ pọ̀ jù dé orí èyí tó rọrùn jù, lórí owó tó ń wọlé, iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ìlera, ìwà ọ̀daràn, ilé gbígbé àti àyíká. Owó àti iṣẹ́ ló wúwo jù, ìdá 22.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á kọ kóòdù àdírẹ́sì rẹ̀, yóò sì rí ipò òpópónà tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi kọ tirẹ̀, ó kọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò jìnnà sí i, ipò méjèèjì kò sún mọ́ra. Àjọ ìṣirò wọn sì tún ń bi àwọn ará ìlú léèrè láti ọdún 2011, lórí ìwọ̀n òdo sí mẹ́wàá, bóyá ayé tẹ́ wọn lọ́rùn, bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe ní láárí, bóyá inú wọn dùn lánàá, bóyá àníyàn dà wọ́n láàmú lánàá. Ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni ìdáhùn ti ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ṣe irú èyí fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀yọ́ àti Èkó, màá fi òróró yàn án.

Nítorí náà, nínú máàkì márùn-ún, mo fún Numbeo ní mẹ́ta: ẹ lò ó fún iye ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹ má sì wo ipò tó fún ìlú. Mo fún EIU ní méjì, fún onílé. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń rán kiri lè fún un ní mẹ́rin. Ti NBS gba mẹ́rin. Ti England gba máàkì márààrún lọ́wọ́ mi, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ wà.

Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ ohun tí kò sí nínú èyíkéyìí lára wọn sínú ìwé kan fún un kí ó lọ béèrè. Mo ní kí ó béèrè báǹdì iná kí ó tó béèrè iye yàrá, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé éjẹ̀ńtì àkọ́kọ́ tó mú un lọ wo ilé fi Ọlọ́run búra pé iná kì í lọ níbẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì ìdojúkọ sì ní ọjọ́ mẹ́rin nìyí tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Mo ní kí ó wọ ọkọ̀ láti ilé náà lọ sí ibi iṣẹ́ ní agogo márùn-ún àárọ̀ àti ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, torí pé ìṣẹ́jú ojú ọ̀nà nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ báńkì. Ó ṣe é. Nígbà tí a jọ ṣírò rẹ̀, owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó iná kó ju ìdajì owó oṣù tuntun náà lọ bí ó bá gbé ní Ìkòròdù, wọ́n sì kó díẹ̀ lé ní ìdajì bí ó bá gbé yàrá kékeré kan tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Ìyàtọ̀ owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ló wà láàárín àwọn ilé méjèèjì.

Ó mú yàrá kékeré. Ní oṣù tó kọjá ó kọ iye tí ó san fún ilé, tí ó pín sí méjìlá, àti iye ẹyin àti ìrẹsì ọjà rẹ̀ sí ojú-ewé Èkó lórí Numbeo, ó sì pè mí pé kí n rán òun létí ní oṣù mẹ́ta sí i kí òun lè lọ tún un kọ, nítorí pé wọ́n ti tún fi owó lé ẹyin.